Unguja, Mafia tàbí Pemba: èwo ló tọ́ sí ẹni tó fẹ́ mòòkùn, tó fẹ́ jẹun dáadáa, tó sì fẹ́ rìn kiri?

Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí Zanzibar láti mòòkùn wo iyùn àti ẹja abẹ́ òkun kò tíì sọ ibi tó ń lọ ní pàtó. Erékùṣù mẹ́ta ni àwọn amòòkùn sábà máa ń dárúkọ ní etíkun Tanzania. Àkọ́kọ́ ni Unguja, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Zanzibar. Pemba wà lókè rẹ̀ ní ìhà àríwá. Mafia wà nísàlẹ̀ ní ìhà gúúsù, níwájú ibi tí odò Rufiji ti ń ṣàn wọ òkun. Òkun Íńdíà kan náà ló yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká, èdè Swahili kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí Unguja ìbá tẹ́ lọ́rùn lè lọ fi owó ńlá ra ìbẹ̀rù ní Pemba, ẹni tí Mafia sì yẹ lè jókòó sí Nungwi ní Unguja kó máa ráhùn pé ariwo ti pọ̀ jù.

Mo ti dé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Unguja ni mo ti kọ́ mímòòkùn, Mafia ni mo sì máa ń rántí jù. Bí àwọn ọ̀rẹ́ tó wà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù bá bi mí pé èwo ni kí àwọn yàn, ẹni tó ń béèrè ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó wo erékùṣù.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ wò

Bí ẹ ṣe mọ omi sí ni mo fi ṣáájú, ó tilẹ̀ ṣáájú owó. Ẹni tí kò mòòkùn rí lè tọ́ ọ wò fún ọjọ́ kan. Olùkọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò sì ní kọjá mítà 12. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Open Water máa ń gba bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì ń fún ni láṣẹ dé mítà 18. Ọmọ ọdún 10 lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, Advanced, ló ń gbé ni dé mítà 30. Ìṣàn omi kò mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti wá, kò sì ní dúró de ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró sójú kan láàárín omi.

Ọ̀rọ̀ ìlera kò gbẹ́yìn. Wọ́n á fún yín ní fọ́ọ̀mù kí ẹ tó wọ omi. Ẹ dákun, ẹ má purọ́ sínú rẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ mòòkùn. Ẹni tó ní ikọ́ fée, àìsàn ọkàn, tàbí tí etí rẹ̀ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu ní láti rí dókítà kó tó kúrò nílé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, mímòòkùn kì í ṣe fún un. Kó fi awò bojú, kó máa wo ẹja láti ojú omi.

Lẹ́yìn èyí ni owó, kì í sì í ṣe owó mímòòkùn nìkan. Ẹ ro owó ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń lọ láti erékùṣù sí erékùṣù mọ́ ọn, pẹ̀lú owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ agbègbè òkun tí wọ́n ń dáàbò bò, àti owó oúnjẹ níbi tí kò sí ilé oúnjẹ míì ju ti òtẹ́ẹ̀lì yín lọ. Ẹ wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Láti ìparí oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún ni òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika máa ń rọ̀, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní Mafia àti Pemba sì máa ń ti ilẹ̀kùn nígbà náà. Ní bí oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, afẹ́fẹ́ kusi máa ń fẹ́ láti gúúsù, omi á tutù díẹ̀, òkun á sì máa ru. Kaskazi ló ń fẹ́ láti àríwá ní bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Àárín afẹ́fẹ́ méjèèjì, pàápàá oṣù kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ni mo fẹ́ràn jù: òkun a máa pa rọ́rọ́, omi a sì mọ́.

Paríparí rẹ̀, ta lẹ jọ ń lọ? Bí ọkọ tàbí ìyàwó yín kò bá fẹ́ kí omi kọjá orúnkún rẹ̀, kí ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ títí ẹ ó fi padà dé?

Unguja

Láti Èkó, ẹ lè gba Addis Ababa tàbí Nairobi kí ẹ sì bọ́ sílẹ̀ ní Unguja gan-an, láìtún wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré kankan. Ẹni tó bá gba Dar es Salaam á rí ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré dé Stone Town, ìlú àtijọ́ Unguja, ní nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, torí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ẹ má sì di ẹrù sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù, òfin ti dè é. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ìjọba Zanzibar ti ní kí gbogbo àlejò tó ti òkèèrè wá san dọ́là 44 fún ìbánigbófò. Ẹ béèrè bóyá ó kan ìjàǹbá abẹ́ omi. Bí kò bá kàn án, ẹ ra ti àwọn amòòkùn fúnra wọn, irú èyí tí DAN, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ń tà.

Mnemba ni orúkọ tí ẹ ó gbọ́ jù nínú ọ̀rọ̀ mímòòkùn níbẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, ó wà níwájú abúlé Matemwe ní ìlà oòrùn àríwá. Òkìtì iyùn rẹ̀ kò jìn sílẹ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìjàpá òkun pọ̀ níbẹ̀, ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi sì ń wọ́ kọjá bí ìgbà tí ọjà bá kún. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ. Mo ti sọ̀kalẹ̀ tó mítà mẹ́rin kí etí mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Olùkọ́ mi kò fa ọwọ́ mi sísàlẹ̀. Ó gbé mi padà sókè díẹ̀, ó ní kí n di imú kí n rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ sí etí, ó sì dúró tì mí títí ìrora náà fi lọ. Nítorí ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ pé kó lọ sí Unguja. Ilé-iṣẹ́ amòòkùn pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè rìn láti ọ̀kan sí èkejì ní Nungwi, kí ẹ béèrè iye ènìyàn tí olùkọ́ kan ń mú dání, kí ẹ sì fi àwọn tó bá ń kánjú sílẹ̀. Ẹni tó bá ní èèyàn mẹ́rin ni òun máa ń mú, èmi á yàn án ṣáájú ẹni tó ń mú mẹ́jọ ní owó pọ́ọ́kú.

Ibi tí Unguja ti kù díẹ̀ káàtó ni èrò. Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, ọkọ̀ á ti kún ojú omi Mnemba, àwọn kan á sì máa lé ẹja dọ́fínì kiri títí wọ́n á fi sá lọ. Ó máa ń dùn mí láti rí i. Ẹ bá àwọn tó ń gbéra ní kùtùkùtù lọ. Fún ẹni tó ti gba Advanced, Leven Bank, òkìtì abẹ́ òkun kan, wà ní àríwá Nungwi. Omi ibẹ̀ jìn, ó sì ń ṣàn gidi, ibẹ̀ ni ẹja ńláńlá ń rìn. Ẹni tó wọ̀ sí Stone Town náà ní tirẹ̀: òkìtì iyùn àyíká erékùṣù Bawe, àti ọkọ̀ ojú omi Great Northern tó rì ní ọdún 1902, tí omi tó bò ó kò pọ̀.

Bí ẹ bá ń yan etíkun, ẹ mọ̀ pé òkun a máa fà. Ní Paje, Jambiani àti Matemwe, bí omi bá ti fà, ẹ ó rìn títí lórí iyanrìn kí ẹ tó rí omi tó tó wẹ̀. Àkókò yẹn ni àwọn obìnrin ìlú máa ń jáde lọ tọ́jú ewé òkun tí wọ́n gbìn, ó sì dára láti wò. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ nígbàkigbà, kó gba Nungwi tàbí Kendwa.

Ní ti oúnjẹ, Unguja ta àwọn méjì yòókù yọ. Bí alẹ́ bá ti lẹ́ ní ọgbà Forodhani ní Stone Town, wọ́n á kó iná jáde, wọ́n á máa sun ẹran mishkaki bí ẹni sun sùyà, wọ́n á máa fún omi ìrèké, wọ́n á sì máa ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní píṣà Zanzibar: ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́ tí wọ́n di ẹran, ẹyin àti àlùbọ́sà sí, tí wọ́n wá dín. Ṣùgbọ́n ẹja àti edé ńláńlá tí wọ́n tò síbẹ̀ lè ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lójú mi ni mo máa ń jẹ, mo sì máa ń béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé iná. Lọ́sàn-án, ẹ wá urojo, ọbẹ̀ kíkan tí wọ́n kó ọ̀dùnkún, àkàrà kéékèèké àti ata sí. Vitumbua wọn fara jọ máásà tiwa. Pilau wọn sì ń ta sánsán, nítorí kànáfùrù wà nínú rẹ̀. Karafuu ni Swahili ń pe kànáfùrù. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwa àti àwọn ti gba orúkọ náà, bí wọ́n ṣe ń pe Àlàmísì ní Alhamisi tí wọ́n sì ń pe Jímọ̀ ní Ijumaa. Ẹnu yà mí lọ́jà Darajani nígbà tí ìyá kan dárúkọ rẹ̀ tí mo sì mọ ohun tó ń sọ láìsí ògbufọ̀.

Ohun wíwò kò lópin. Stone Town wọ inú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé UNESCO ní ọdún 2000. Ilé Ìyanu tí Sultan Barghash kọ́ ní 1883 wà létí omi. Apá kan rẹ̀ wó lulẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ilé tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fò kọjá ni ṣọ́ọ̀ṣì Anglican tí wọ́n kọ́ sórí ọjà ẹrú tí wọ́n tì pa ní 1873. Ẹni tó ti dúró ní Badagry rí á mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń bá ènìyàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun míì ni wọ́n fi àwọn wọ̀nyí ránṣẹ́ sí. Lọ́nà gúúsù ni igbó Jozani, ilé ẹdun pupa tí kò sí níbòmíràn ju Zanzibar lọ. Ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ ó gbádùn ibẹ̀. Àwọn ẹdun náà máa ń fò lórí ẹ̀ka igi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ sí èèyàn. Ní Changuu, erékùṣù kékeré tó wà níwájú Stone Town, ìjàpá ńláńlá tí wọ́n kó wá láti Seychelles wà níbẹ̀ tí ọmọdé lè fún ní ewé jẹ.

Mafia

Orúkọ náà kò kan àwọn ọ̀daràn Ítálì rárá. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré ló ń gbé ni lọ láti Dar es Salaam, ó máa ń gbà tó ààbọ̀ wákàtí, ẹrù tí wọ́n sì ń gbà kò pọ̀. Ẹ fi àpótí ńlá sílẹ̀.

Ọdún 1995 ni wọ́n dá ọgbà òkun Mafia sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Tanzania. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ ń san owó lójoojúmọ́, ó ju dọ́là 20 lọ díẹ̀, mo sì máa ń san án tọkàntọkàn nítorí mo ti rí ohun tó ń ṣe. Nínú Chole Bay, erékùṣù kéékèèké ló dábùú ìjì, iyùn ṣì kún níbẹ̀, àwọn ẹja ńlá sì ń dúró wo ènìyàn láìsá. Òkun gan-an ló ń pinnu àkókò níbẹ̀. Nígbà tí omi bá ń gba Kinasi Pass, ẹnu ọ̀nà Chole Bay, wọlé ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, torí omi tó ń jáde a máa le. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Open Water lè mòòkùn ní inú ìyawọ̀ omi yìí láìfòyà. Ọkọ̀ tí mo máa ń rí níbẹ̀ kì í ju méjì lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá lọ síbẹ̀ ni whale shark, ẹja tó tóbi jù lọ láyé. Ó máa ń wá sí ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà nítòsí Kilindoni láti bí oṣù kẹwàá títí dé oṣù kejì, láti jẹ àwọn ohun kéékèèké tó kún inú omi. Kì í jẹ ènìyàn. Ẹ kò nílò sìlíńdà afẹ́fẹ́: awò ojú, ọ̀pá ìmí, àti agbára láti wẹ̀ ni. Nígbà tí tèmi yọ láti inú omi tó dúdú díẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àmì funfun bí ẹni da owó ẹyọ lé e, mo gbàgbé láti mí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì gba afinimọ̀nà tó bá ní kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá lè wẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sínú omi náà. Kó wò ó láti inú ọkọ̀, a tún máa rí i dáadáa.

Ohun wíwò lórí ilẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún erékùṣù Chole, níbi tí gbòǹgbò igi ti gbá àwọn ilé àtijọ́ mọ́ra, tí àdán ńláńlá ń so rọ̀ lọ́sàn-án, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà sì ṣì ń fi ọwọ́ ṣe ọkọ̀ onígbòkun. Ní erékùṣù Juani ni àwókù ìlú Kua wà. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, ọmọ ìjàpá òkun máa ń pa níbẹ̀, tí wọ́n á sì máa rá wọ òkun.

Ní ti oúnjẹ, ohun tí òtẹ́ẹ̀lì yín bá sè lẹ ó jẹ. Ọ́kítópọ́ọ̀sì tí wọ́n fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ìrẹsì, dùn débi pé mo jẹ ẹ́ lálẹ́ mẹ́ta léraléra. Ẹni tó fẹ́ máa yan ilé oúnjẹ lálaalẹ́, kó má lọ.

Pemba

Pemba ni mo ní kí ẹ lọ kẹ́yìn. Ihò òkun tó wà láàárín rẹ̀ àti Áfíríkà jìn gan-an, nítorí náà ògiri iyùn ibẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Omi á gbé yín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà bí ẹni wọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà. Bí ẹ bá ti mòòkùn tó ọgbọ̀n ìgbà, ẹ ó gbádùn rẹ̀ débi pé Mnemba á dà bí adágún. Bí ẹ kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù ló máa kún inú yín. Mo ti rí arákùnrin kan tí olùdarí rẹ̀ mú wọ irú omi bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún tó gba ìwé ẹ̀rí. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ṣáájú tiwa gbogbo, ojú rẹ̀ sì ti funfun nígbà tó gòkè. Ohunkóhun kò ṣe é, ṣùgbọ́n kò tún mòòkùn mọ́ ní gbogbo ìrìn àjò náà. Misali, erékùṣù kékeré tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Chake Chake, ni ibi tó rọrùn jù níbẹ̀.

Ilẹ̀ Pemba ń tutù yọ̀yọ̀, òkè àti àfonífojì ni, igi kànáfùrù sì bo ibi púpọ̀. Lásìkò ìkórè, wọ́n á sá a sórí ẹní létí ọ̀nà, òórùn rẹ̀ á sì gba ìlú kan. Igbó Ngezi wà ní àríwá, àdán Pemba tí kò sí níbòmíràn láyé sì ń gbé erékùṣù náà. Ilé oúnjẹ kò pọ̀. Ìlú onímùsùlùmí tó fara balẹ̀ ni, nítorí náà ẹ bo ara dáadáa bí ẹ bá kúrò ní etíkun, bí ẹ bá sì dé nígbà ààwẹ̀, ẹ má retí kí wọ́n máa ta oúnjẹ ní gbangba lọ́sàn-án. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní àríwá ibẹ̀ tó léfòó lórí òkun, tí ibùsùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ omi. Owó rẹ̀ ju dọ́là 1,000 lọ lóru kan.

Owó, àti ọjọ́ tí ẹ ó wọ ọkọ̀ òfuurufú

Ẹ̀kọ́ Open Water ní Unguja máa ń wà ní àárín dọ́là 450 sí 600, ìmòòkùn ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ní Mnemba sì máa ń tó dọ́là 100 sí 150. Ní Mafia, mímòòkùn fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ọkọ̀ òfuurufú àti owó ọgbà òkun ló ń gbé e ga. Pemba ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí òtẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì jìnnà sí ìlú. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iyùn tòun kò tíì bà jẹ́ rí, ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá. Ooru òkun ọdún 1998 pa iyùn púpọ̀ káàkiri Òkun Íńdíà, ti 2016 náà sì ṣọṣẹ́. Ẹ béèrè bí ibi tí wọ́n ń mú yín lọ ṣe rí lónìí.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá ti mòòkùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí 18 ó kéré tán kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìbáà jẹ́ kékeré. Èmi máa ń fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ìrìn kiri Stone Town, ọjà àti oúnjẹ sí ọjọ́ tó kẹ́yìn. Ẹni tó kọ́kọ́ rìn kiri, tó wá fi mímòòkùn parí rẹ̀, á jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì lásán tàbí kó fi ara rẹ̀ wewu.

Ta ni kó yan èwo?

Ìdílé tó ní ọmọ, tọkọtaya tí ọ̀kan nínú wọn kò fẹ́ omi, ẹni tó fẹ́ kọ́ mímòòkùn, ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ àti ìtàn: Unguja. Ẹ sun oru mẹ́ta ní Nungwi tàbí Matemwe, kí ẹ wá sun méjì ní Stone Town.

Ẹni tó ti gba Open Water, tó lè wẹ̀ dáadáa, tó sì fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ju ilé oúnjẹ lọ: Mafia, láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kejì. Ó kéré tán kí ẹ lo oru mẹ́rin, nítorí whale shark lè má yọjú ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹni tó ti ní Advanced, tó mọ̀ pé òun kì í bẹ̀rù ìṣàn omi, tí kò sì ka owó sí: Pemba. Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ má gbìyànjú láti pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀; pápákọ̀ òfuurufú lẹ ó fi ọjọ́ yín wò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Mafia, kí ẹ parí rẹ̀ ní Unguja, kí ẹ sì ra kànáfùrù ní Darajani fún àwọn tó wà nílé.